Ọdẹ́sànmí àti Fìlà Tí Ń Gbọ́ Mànàmáná Orí

Ìwọ tí o mú ìwé yìí dání, kí o tó kà á síwájú, wo ẹ̀yìn rẹ ná. N ò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Bí àlejò kan bá yà sí ọ̀dọ̀ rẹ, tí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, tí ó ń fi igi ti àgbọ̀n ara rẹ̀ sókè, tí ó sì bi ọ́ pé odò wo ni àwọn ará ilé rẹ ń mu, má dá a lóhùn, má sì wo apá ibi tí odò náà wà. Bí ó bá fẹ́ dé ọ ní fìlà, tí o fọwọ́ kàn án tí ó tutù, sá. Má dúró bi mí pé kí ni fìlà lásán lè fi ènìyàn ṣe. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, á sá. Orúkọ odò wa kò sí nínú ìtàn yìí. Ẹ má wulẹ̀ wá a.

Ọdẹ́sànmí ni orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, ọdẹ ni bàbá ìyá rẹ̀. Kì í ṣe ọmọdé mọ́, kò sì tíì di arúgbó. Irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá funfun pín ilẹ̀ ni. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀, á sọ díẹ̀, á dákẹ́, á wo ẹnu ọ̀nà, kí ó tó sọ ìyókù. Bí ó ti sọ èyí náà nìyẹn fún àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àgbàlá Olúọdẹ, ní ọ̀sán gangan, nítorí ó ní irú rẹ̀ kò ṣeé sọ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ó ní kí wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí òun lè máa rí ọ̀nà.

Olúọdẹ ní kí ó ká ẹ̀rù rẹ̀ sí àpò, kí ó sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin. Ọdẹ́sànmí ní òun kò bẹ̀rù rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun. Ó ní ẹfọ̀n tí òun pa ní ọdún tí òun gbéyàwó, ìwo rẹ̀ ṣì ń bẹ lára ògiri, kí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lọ fọwọ́ kàn án. Ó ní bí wọ́n bá gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí pé òun sá, kì í ṣe òun ni ó sá, ẹsẹ̀ òun ni. Òun kàn tẹ̀lé wọn kí wọ́n má baà sọnù ni. Àwọn ọdẹ rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín, ó tún wo ẹnu ọ̀nà.

Ohun tí ó gbé e wọ igbó ni àbúrò rẹ̀ tí ń jẹ́ Àjàgbé. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àjàgbé tọ ipasẹ̀ ìgalà lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò bẹ̀rẹ̀, àgbàdo yọ ọmọ, ẹnikẹ́ni kò rí i. Gbogbo àárọ̀ ni ìyá wọn ń bu oúnjẹ Àjàgbé sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni ó ń kó o fún ajá. Nígbà tí ajá náà sanra tí ó ń dán, Ọdẹ́sànmí kò lè wò ó mọ́. Ó gbé ìbọn, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó ní òun ń bọ̀.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ bí ó ṣe dé ibi tí ó dé, òun pàápàá kò mọ̀. Igbó tí ó mọ̀ ni ó wọ̀, igbó tí kò mọ̀ ni ó ti bá ara rẹ̀. Igbó Àròjinlẹ̀ ni wọ́n ń pe igbó náà. Igi ibẹ̀ ga, wọ́n so orí pọ̀ lókè bí àwọn tí ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí nílé. Ewé ibẹ̀ ni ó burú jù. Bí ó bá tẹ ewé kan mọ́lẹ̀, ewé náà á la ẹnu, á ní, ṣé o ti ilẹ̀kùn kí o tó jáde? Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kejì, òmíràn á ní, ta ni o ṣẹ̀ tí o kò tíì bẹ̀? Òmíràn á ní, kí ni orúkọ ìyá tí ó bí ìyá ìyá rẹ? Ọdẹ́sànmí jẹ́ ẹni tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé, ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó mọ̀, orí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ọrùn rẹ̀ ń tẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Ó rí egungun ẹni tí ó ti dá àwọn ewé lóhùn ṣáájú rẹ̀. Orí egungun náà ni ó kọ́kọ́ wọ ilẹ̀, ìyókù ara tẹ̀ lé e.

Ó fò sórí gbòǹgbò. Láti orí gbòǹgbò kan ni ó ń fò sórí òmíràn, kò tún tẹ ewé kankan mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ewé ń pe orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó ní kí àwọn ọdẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó kọ́ òun. Olúọdẹ ní ọ̀bọ pẹ̀lú kò kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọdẹ́sànmí gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Níbi tí igbó náà ti parí, iwin kan jókòó sí ẹnu ibodè. Ó gbé orí ara rẹ̀ lé itan bí ẹni gbé ọmọ, ó ń fi ọwọ́ bọ́ ọ ní ẹ̀kọ tútù. Gbórílẹ́sẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ọdẹ́sànmí dọ̀bálẹ̀ kí i, nítorí ẹni tí ó bá dé ìlú onílùú, ìdọ̀bálẹ̀ ni ìbọn rẹ̀.

Iwin náà gbé ẹ̀kọ sílẹ̀. Ó ní, "Ọmọ ènìyàn, ẹrù kan ń bẹ tí a kì í fi òṣùká gbé, tí a kò lè sọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà kí a fi nàró. Oorun nìkan ni ó ń bá ni gbé e díẹ̀. Kí ni?"

Ọdẹ́sànmí rò ó. "Iké ni," ni ó wí.

"Iké?" Iwin náà yí orí rẹ̀ lórí itan kí ojú rẹ̀ lè kọjú sí i dáadáa. "Ṣé iké a máa fúyẹ́ bí abuké bá sùn? Irú ọdẹ wo ni ìwọ yìí?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Ọdẹ ẹran ni mí. N kì í ṣe ọdẹ ọ̀rọ̀."

Ẹ̀rín pa iwin náà tó bẹ́ẹ̀ tí orí rẹ̀ fi yí kúrò lórí itan. Ọdẹ́sànmí na ọwọ́, ó gbá a mú kí ó tó balẹ̀. Orí náà wúwo bí ọlọ, ó sì ń gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ lórí iná. Nígbà náà ni ìdáhùn wá sí i lọ́kàn. Ó rọra gbé orí padà fún olórí, ó ní, "Ìrònú ni."

"Ọwọ́ rẹ ni ó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe orí rẹ," ni iwin wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Máa wọlé. Ẹni tí ó bá ti gbé e wò, ó ti di ti àwọn ará ìlú yìí."

Ìlú Wúwolórí ni ìlú náà, orúkọ ọba wọn ni wọ́n fi pè é. Kò sí ariwo nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí ń pe ẹnì kejì. Àwọn ará ìlú ń rìn wọ́ọ́rọ́, olúkúlùkù fi igi tí ó ya ẹnu méjì ti àgbọ̀n sókè, nítorí ọrùn wọn kò lè dá orí wọn gbé. Àwọn bàbá ńlá wọn ni wọ́n fẹ́ràn èrò. Wọ́n ro ti òjò, wọ́n ro ti ìràwọ̀, wọ́n ro ohun tí ẹja ń rò. Nígbà tí wọ́n kú, wọ́n fi gbogbo rẹ̀ jogún fún àwọn ọmọ, ọmọ kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ẹyọ kan níbẹ̀, èèwọ̀ ni. Báyìí ni ẹrù ń gorí ẹrù. Nígbà tí orí wọn kún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá orí ọmọ ènìyàn tí wọn yóò máa da èyí tí ó ṣẹ́kù sí.

Wọ́n mú Ọdẹ́sànmí, wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n mú un gba abẹ́ àtíbàbà gígùn kan kọjá. Àwọn ènìyàn bíi tiwa ni ó jókòó síbẹ̀ ní ìlà. Fìlà wà lórí wọn, okùn aláǹtakùn ni wọ́n fi hun ún, wọ́n sì rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ tí ń kán sí wọn lójú. Ọ̀kan ń há orúkọ gbogbo ẹja sórí. Ọ̀kan ń ka ewé ìrókò bí afẹ́fẹ́ ti ń mì í, bí ewé kan bá já, á tún bẹ̀rẹ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ já wálẹ̀ láti ara fìlà kọ̀ọ̀kan, koríko gbígbẹ kan wà ní ìdí rẹ̀, koríko náà ń fa ìlà lórí eérú tí wọ́n tẹ́ sórí awọ. Kò sí ọwọ́ tí ó mú koríko náà. Fúnra rẹ̀ ni ó ń gbọ̀n tí ó ń kọ.

Ẹni tí ó jókòó kẹ́yìn ni Àjàgbé.

Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n ó dàbí ilé tí kò sí ẹni nínú rẹ̀. Itọ́ ń kán ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Koríko tirẹ̀ ń lọ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń fa ìlà ńlá, ńlá, bí ìrìn ìgbín. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí Ọdẹ́sànmí pe orúkọ àbúrò rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ nínú ara òun pé bí òun bá pè é, nǹkan kan yóò gbọ́ tí kò yẹ kí ó gbọ́.

Ìyá arúgbó kan ni ó ń tọ́jú àwọn ìlà náà. Ìyá Aṣọ́là ni wọ́n ń pè é. Ojú rẹ̀ pọ́n nítorí eérú, kò sì fi igi ti àgbọ̀n ní tirẹ̀, nítorí ilẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, ó ti tẹ̀ tán. Ó fi Ọdẹ́sànmí jókòó, ó dé fìlà fún un. Òtútù fìlà náà wọ inú egungun rẹ̀. Ó sọ fún un pé inú orí gbogbo alààyè ni mànàmáná wà, ó kéré, kò ní ìró, kò lè jó ewé. Bí ènìyàn bá ń ronú, bí ó bá ń wo nǹkan, bí ó bá sùn, mànàmáná náà ń kọ bí kò tilẹ̀ sí òjò. Fìlà ni ó ń gbọ́ ọ, koríko ni ó ń sọ ohun tí fìlà gbọ́.

Ó ní kí ó pa ojú dé, kí ó má ro nǹkan kan. Koríko náà rọra ń lọ sókè sódò bí ọkọ̀ lórí omi. Ó ní kí ó la ojú. Ìgbì náà fọ́, ìlà di wẹ́wẹ́, ó ń sáré. Ọdẹ́sànmí ṣẹ́jú, koríko ta sókè bí ẹni tí oyin ta. Ìyá Aṣọ́là fi ìka na orí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ó ní kí ó yé ṣẹ́jú, ìpéǹpéjú rẹ̀ ń ba òun níṣẹ́ jẹ́.

"Ìyá," ni Ọdẹ́sànmí wí, "ṣé ẹ ń rí ohun tí mò ń rò ni?"

"Rárá, ọmọ mi. N kì í rí ohun tí ó wà nínú agbọ̀n. Bí agbọ̀n ti wúwo tó ni mò ń rí. Àti pé bí ojú bá pàdé ohun tí orí mọ̀, ìlà á fò. Ìwọ kọ́ ni o máa mú un fò. Kí o tó mọ̀, ó ti fò."

Ọba Wúwolórí ni ó pàṣẹ ìdánwò tí ó kàn. Orí ìtẹ́ gíga ni ó jókòó sí, wọ́n fi òpó mẹ́rin ti orí rẹ̀ mú, kò lè yí i, kò lè tẹ̀ ẹ́ wo ilẹ̀. Ojú ọ̀run nìkan ni ó ń wò, ohun tí ó wà lórí eérú, àfi kí Ìyá Aṣọ́là sọ ọ́ fún un. Wọ́n gbé àwo omi ńlá kan síwájú Ọdẹ́sànmí. Ojú ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú omi náà, ọ̀kan á dé, á lọ, òmíràn á dé. Ọba fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó wà lábẹ́ àtíbàbà.

Ọdẹ́sànmí gbọ́n, tàbí ó rò pé òun gbọ́n. Ó ní bí orí òun bá ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe, kò ní ráyè fò. Ohun tí ọdẹ máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí ni ó nawọ́ sí: ó bẹ̀rẹ̀ ìjálá nínú ọkàn rẹ̀. Ó ki erin, ó ki ẹkùn, ó yà sọ́dọ̀ ìgalà, ó ń kì wọ́n gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti ń kì wọ́n, ìjálá gidi tí ó lè mi ilẹ̀. Ojú àjèjì ń kọjá. Ojú Àjàgbé dé. Ọdẹ́sànmí kò dá ìjálá dúró, kò ṣẹ́jú, kò mí.

Koríko fò. Ó fò tó bẹ́ẹ̀ tí eérú fi tú sí Ìyá Aṣọ́là lẹ́sẹ̀.

"Ó mọ ẹni ìkẹyìn," ni ìyá náà sọ fún ọba. Lẹ́yìn náà ó bojú wo Ọdẹ́sànmí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní kí ni ó ń kọ nínú ikùn rẹ̀ tí ètè rẹ̀ ń jó bẹ́ẹ̀? Nígbà tí Ọdẹ́sànmí jẹ́wọ́ pé ìjálá ni, ìyá náà fi imú fọn ẹ̀gàn. "Èyí tí o ti mọ̀ láti kékeré? Iṣẹ́ ni o pe ìyẹn? Ẹsẹ̀ tí ó mọ ọ̀nà oko, ṣé ó ń bi orí léèrè kí ó tó lọ ni? Orí rẹ jókòó lásán, ó ń wo ìran."

Níbí yìí, Olúọdẹ dá a dúró, ó ní a kì í fi ìjálá ṣeré, kí ó má sọ pé ìjálá kò wúwo. Ọdẹ́sànmí ní ó wúwo lẹ́nu, ó wúwo ní etí, ṣùgbọ́n kò wúwo ní orí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ó ní ọjọ́ náà ni òun mọ̀ pé ohun tí ènìyàn mọ̀ jù kò lè bo àṣírí rẹ̀.

Ọba wá sọ ohun tí ó ń wá. Ohùn rẹ̀ tínrín bí ti ẹni tí eyín ń dùn. Ó ní ẹni tí ọdẹ yìí mọ̀ ti kọ́kọ́ dé, àwọn bi í ní ọ̀nà ilé rẹ̀, ó kọ̀, àwọn ń di ẹrù lé e lórí kí ó lè rọ̀, ó sì kún kí ó tó sọ. Ìyá Aṣọ́là ní òun wí pé orí yẹn ti kún, wọ́n ní kí wọ́n fi kún un. Ọba ní gbogbo odò ayé ni ẹyẹ àwọn ti fò lé lórí, àwòrán wọn ń bẹ nínú àwo omi, ṣùgbọ́n ẹyẹ kò mọ èyí tí ọmọ ènìyàn ń pọn nínú wọn. Ìrìn kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ àwọn lè rìn lọ́dún kí orí tó wó àwọn lulẹ̀. Àwọn kò gbọdọ̀ ṣì í rìn. Wọn yóò fi àwọn odò han ọdẹ. Èyí tí ìlà bá fò sí, ibẹ̀ ni wọn yóò lọ, wọn yóò sì gbé fìlà tí yóò kárí gbogbo ará ìlú rẹ̀ lọ, tọmọdé tàgbà.

"Nítorí orí ọmọdé," ni ọba wí, "àyè pọ̀ nínú rẹ̀."

Ọdẹ́sànmí rí àwọn ọmọ wa nínú ọkàn rẹ̀, ó rí àwọn tí ń luwẹ̀ẹ́ lẹ́bàá àpáta, ó rí wọn lábẹ́ àtíbàbà, tí omi iyọ̀ ń kán sí wọn lójú. Ó bẹ ọba, ó ní kí wọ́n fi òun ṣe é, kí wọ́n di gbogbo ẹrù ìlú lé òun lórí, òun kò ní ráhùn. Ọba ní orí àgbà ti há. Wọ́n sì gbé àwo omi padà wá.

Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi eyín tan ìlà jẹ. Ó fún eyín pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìlà fi dàrú, tí koríko ń ya eérú kiri bí adìyẹ. Ìyá Aṣọ́là fọwọ́ tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní èyí kì í ṣe orí, ẹran ẹnu ni, kí ó tú u. Ó tú u. Odò bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá nínú àwo: odò pupa, odò tí ó gbẹ, odò tí ọ̀nì jókòó sí létí. Ó mọ̀ pé tiwa ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Òógùn ń bọ̀ lójú rẹ̀, ó ń wá ohun tí yóò rò, ohun tí kò mọ̀ dáadáa, ohun tí ó nira. Kí ni ọdẹ kò mọ̀ tó?

Ilé-ìwé ni ó bọ́ sí i lọ́kàn.

Ìwé kejì ni ó ti sá kúrò níbẹ̀. Àbídí nìkan ni ó kó jáde, orin ni ó sì fi mọ̀ ọ́n, láti orí dé ìdí. Bí tíṣà bá dá a dúró láàárín, kò mọ ibi tí ó wà mọ́, àfi kí ó padà lọ mú un láti A. Nítorí náà ó mú un láti ìdí. Y. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé W. Kí ni ó wà ṣáájú W? Ó ní láti sáré lọ sí A, kí ó fi orin sọ̀ kalẹ̀ títí dé W, kí ó wo ẹni tí ó dúró síwájú rẹ̀, kí ó dì í mú, kí ó tún sáré padà. U ni. Kí ni ó ṣáájú U? Orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Odò kan kọjá, kò mọ̀ bóyá ó rí i. Ó dé S, ó dé Ṣ, kò mọ èyí tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú àwọn méjèèjì, ó tún lọ sí A. Iṣan ọrùn rẹ̀ dìde. Ó gbọ́ tí Ìyá Aṣọ́là sọ fún ọba pé agbọ̀n yìí ti wúwo lójijì, ọba sì ní ẹ̀rù ni. Ìyá náà ní ẹ̀rù a máa gbọn ìlà, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe gbígbọ̀n ẹ̀rù.

K. Ó dì í mú. J. Ó ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún mú un. I. H. Kí ni ó ṣáájú H? Kí ni ó ṣáájú H, Ọdẹ́sànmí? A, B, D, E...

Odò wa dé sínú àwo.

Ó ní òun rí i bí ẹni tí ń rí nǹkan láti ẹ̀yìn èéfín. Ó rí àpáta rẹ̀, ó rí ibi tí ó ti tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́. Kò tẹ́wọ́ gbà á. Ó ń wá ohun tí ó wà ṣáájú H bí ẹni tí ilé ń jó tí ó ń wá ọmọ nínú yàrá. Gb. Gb ni. Ó dì í mú, ó sì ti rí i pé omi inú àwo ti ń yí padà sí odò mìíràn, odò àwọn àjèjì, àti òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, títí omi náà fi dákẹ́.

Kò wo eérú. Ó bẹ̀rù láti wò ó. Nígbà tí ó wá sọ ojú sílẹ̀, ẹsẹ̀ Ìyá Aṣọ́là wà lórí awọ náà. Ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ nu eérú bí ẹni tí ń tún ibi iṣẹ́ ṣe, ìlà kankan kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Aṣọ́là," ni ọba wí lókè, "odò wo ni ó fò sí?"

"Kò fò síbì kan, Kábíyèsí."

"Gbogbo odò ayé, kò mọ ọ̀kan?"

"Orí rẹ̀ ti kún kí ó tó wọlé. Onírònú ni, agbọ̀n rẹ̀ kò gba nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n lé e jáde, kí àyè ìjókòó má baà tán. Ẹ jẹ́ kí n lé èkejì náà pẹ̀lú, kò wúlò fún wa mọ́."

Ojú ọ̀run ni ọba ń wò. Níkẹyìn ó ní kí wọ́n kó pàǹtí jáde.

Ìyá Aṣọ́là fúnra rẹ̀ ni ó sìn wọ́n dé ibodè, ó dá ìbọn padà fún Ọdẹ́sànmí. Ọdẹ́sànmí di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú, Àjàgbé ń tẹ̀ lé e bí àgùntàn. Ìyá náà ní orí Àjàgbé kò bàjẹ́, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Kí wọ́n jẹ́ kí ó máa sùn, kí ẹnikẹ́ni má bi í ní ìbéèrè kankan, ì báà jẹ́ pé ṣé ó ti jẹun, títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi béèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n ṣe náà nìyẹn. Ìyá wọn kàn ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ ni, kì í sọ̀rọ̀. Ajá ti rù. Ní àìpẹ́ yìí, Àjàgbé gbé ojú sókè, ó bi ìyá rẹ̀ pé ṣé òjò ti rọ̀. Ìyá náà wọ yàrá lọ kí ó tó sunkún.

Ṣùgbọ́n Ọdẹ́sànmí kì í sùn. Òwúrọ̀ kì í bá a nílé, etí odò ni ó máa ń wà, ìbọn lórí itan, tí ó ń wo òdìkejì. Àwọn ọmọ tí ń luwẹ̀ẹ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá ń ṣọ́ ẹja. Olúọdẹ ní kí ó yé dààmú ara rẹ̀, ṣebí obìnrin náà ti sọ fún ọba pé kò fò, kí ni ó tún kù? Nígbà náà ni Ọdẹ́sànmí sọ èyí tí ó ṣẹ́kù, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ibodè kí wọ́n tó pínyà. Ó wo ọ̀nà kí ó tó sọ ọ́.

Ó ní òun di aṣọ ìyá náà mú. Òun kúnlẹ̀, òun ọkùnrin, ọdẹ tí ó pa ẹfọ̀n. "Ìyá, ẹ ti ṣe mí lóore. Òtítọ́ ni mo fẹ́. Nígbà tí odò wa dé, ṣé ó fò, àbí kò fò?"

Ìyá Aṣọ́là kò wo ojú rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, níbi tí àwọn tí wọ́n fi igi ti àgbọ̀n ti ń rìn bọ̀ wọ́ọ́rọ́.

"Ẹlòmíràn náà wà tí ó mọ ìlà kà nílùú yìí?" ni Ọdẹ́sànmí tún bi í. "Àbí ẹ̀yin nìkan ni ẹ rí i?"

Ìyá náà fa aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọdẹ́sànmí kò tú u sílẹ̀.

"Ẹ sọ ọ̀kan fún mi. Bí ó bá fò, kí n kó àwọn èèyàn mi kúrò. Bí kò bá fò, kí n sùn."

Ó tú ìka Ọdẹ́sànmí kúrò lára aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣe é pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ń ṣí fìlà kúrò lórí ẹni tí ó sùn. "Ohun tí mo ní láti sọ, mo ti sọ ọ́ fún ọba," ni ó wí. "Ohun tí orí bá mọ̀, ìlà á fò sí i. Ìwọ, n kò ní sọ nǹkan kan fún ọ."